Ìkòkò Kejì: Àgbo àti Àwọn Kòkòrò Àìfojúrí Inú Ara Wa

   

Ìyá tó bí ìyá mi ní ìkòkò àgbo kan tí kì í kúrò lẹ́bàá ààrò. Èéfín ti jẹ ìdí rẹ̀ dúdú kirikiri. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń di ẹnu rẹ̀ kó tó gbé ìdérí lé e. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó gbá àgbàlá, ìkòkò náà ti wà lórí iná. Bó bá hó dáadáa, màmá á bu ife kan mu, á dé e padà. Nírọ̀lẹ́, á tún gbé e kaná. Ewé kan náà, egbò kan náà, fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó tó da ṣàṣà rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Màmá, ṣebí ẹ ti sè é lánàá?” Ó ní, “Àgbo tí a kò bá gbé kaná, á kan, ọmọ mi. Ohun tó bá sì kan nínú ìkòkò, á kan nínú ẹni.”

Mo dàgbà, mo kàwé, mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú yàrá àyẹ̀wò níbi tí a ti ń gbin bakitéríà bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin àgbàdo, kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti jinlẹ̀ tó. Ohun tí mo bá wá lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìkòkò méjì ni àgbo ń gbà kọjá kó tó di oògùn. Ọ̀kan wà lórí iná. Èkejì wà nínú ìfun wa, àwọn bakitéríà ló sì ń dáná rẹ̀. Ẹni tó bá ka àgbo sí àdá tí a fi ń ṣá kòkòrò pa lásán ti gbàgbé ìkòkò kejì. Ẹni tó bá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìkòkò àkọ́kọ́ lè gbé àìsàn tuntun mu mọ́ oògùn.

Àgbo ni mo ń pè é, nítorí ilé ni mo wà. Ẹni tó ń ra ewé gbígbẹ inú àpò pélébé ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń rì í sínú omi gbígbóná, tíì ni yóò pè é. Ìdí kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀: ewé, èèpo tàbí egbò tí omi fa agbára inú rẹ̀ jáde.

ÀWỌN TÓ Ń BÁ WA GBÉ

Bí a bá ti pe kòkòrò, àìsàn ni ọkàn wa máa ń lọ sí. A ó ní kòkòrò ti wọ̀ ọ́ lára, a ó ní kòkòrò ń jẹ eyín rẹ̀, a ó sì wá ohun tí yóò pa á. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní Kánádà, tún iye bakitéríà inú ara ènìyàn ṣírò. Wọ́n rí i pé ọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 70 ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ bíi tírílíọ̀nù 30, àwọn bakitéríà tó ń bá a gbé sì tó tírílíọ̀nù 38. Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí giráàmù 200 ni wọn yóò wọ̀n, bí ẹyin adìẹ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìfun ńlá ni púpọ̀ jù nínú wọn tẹ̀dó sí.

Wọn kì í jókòó lásán níbẹ̀. Ohun tí inú wa kò lè dà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo, àwọn ló ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké tó jẹ́ oúnjẹ fún ògiri ìfun fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ṣe fítámì K, èyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì nígbà tí ọgbẹ́ bá dá síni lára. Wọ́n sì ń gba àyè: ilé tí onílé kún fọ́fọ́, olè kì í tètè rí igun tí yóò sá sí. Nígbà tí bakitéríà búburú bá bá omi ìdọ̀tí wọlé, àwọn onílé wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ kò ó lójú.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi mí pé, “Ṣé àgbo yìí ń pa kòkòrò?”, èmi náà á bi í padà: kòkòrò wo? Ibo ló wà nínú ara? Kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ife àgbo kan láti ẹnu lọ sísàlẹ̀, kí a lè rí ìdáhùn.

ẸNU NI Ọ̀NÀ

Lọ́dún 1683, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft, lórílẹ̀-èdè Netherlands, Antonie van Leeuwenhoek, ha ìdọ̀tí funfun kúrò láàárín eyín rẹ̀, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi awò kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò ó. Ó rí àwọn abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń yí, tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó kọ̀wé nípa wọn sí ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ní London. Nínú lẹ́tà mìíràn tó kọ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó ní òun kò rí wọn mọ́ lára eyín iwájú. Àárín eyín ẹ̀yìn ni wọ́n kù sí. Ó gbà pé kọfí gbígbóná tí òun ń mu láràárọ̀ ló pa àwọn ti iwájú.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ọkùnrin yìí fi lélẹ̀ fún wa: ohun mímu kò lè ṣe bakitéríà tí kò bá fara kàn, kò sì lè ṣe èyí tó kàn fẹ́ẹ́rẹ́ tó sì kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí orin fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi orin ata tàbí orin ayín sẹ́nu ní àárọ̀ lè gbálẹ̀, kó pọnmi, kó kí ará àdúgbò tán, kí orin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Okùn orin ń gbá eyín, itọ́ ń sun, omi inú igi náà sì ń pẹ́ lára eyín. Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ apòògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára wọn, tẹ iṣẹ́ jáde lórí agbára tí orin ilẹ̀ wa ní lórí bakitéríà. Nígbà tí wọ́n ń dán orin ata wò nínú àwo tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ náà kò pa àwọ̀ dà bí ó ti yẹ, pupa rẹ̀ kò ṣá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí orin ata lè ṣe fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ wo bí ìwádìí kan ṣe ń bí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú efinrin náà wò. Lọ́dún 1969, àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ kan náà tẹ ìwádìí jáde lórí efinrin ńlá. Òróró tó wà nínú rẹ̀ ní thymol, èròjà kan náà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sínú omi ìfọnu tí a ń rà ní ilé apòògùn. Thymol máa ń dá ihò sí awọ tó bo bakitéríà, ohun inú rẹ̀ á sì máa jò dànù bí omi inú kèrègbè tó là. Ṣùgbọ́n òróró yìí fúyẹ́, ó sì máa ń bá èéfín omi gbígbóná lọ. Bí ẹ bá ń se efinrin tí òórùn rẹ̀ kún gbogbo ilé, tí ará ilé ń yìn ín pé àgbo yìí ń ta sánsán, oògùn ló ń sá jáde lójú yín yẹn. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo rántí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí màmá fi ń di ẹnu ìkòkò. Òróró ló ń dè mọ́lẹ̀.

ÀWO INÚ YÀRÁ ÀYẸ̀WÒ ÀTI ARA ÈNÌYÀN

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ̀ pé ewé ń ṣiṣẹ́ lórí bakitéríà, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Nínú yàrá àyẹ̀wò, a máa ń da ohun kan tí ń jẹ́ agar sínú àwo pẹlẹbẹ tó ní ìdérí. Bó bá tutù, á dì bí ẹ̀kọ. A ó fọ́n bakitéríà sórí rẹ̀, a ó lu ihò kéékèèké sí i, a ó kán omi ewé sínú ihò náà. Lọ́jọ́ kejì, bakitéríà á ti hù bo gbogbo ojú àwo bí èéfun ṣe ń bo oúnjẹ tó ti sùn, àfi ibi tí omi ewé dé. Níbẹ̀ ni a ó ti rí òrùka kan tó mọ́ kedere. Ewúro, dógóyaro, ewé gúáfà, ata ilẹ̀, aáyù: mélòó ni mo fẹ́ kà nínú àwọn tó ti la òrùka bẹ́ẹ̀ sínú àwo? Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i. Ó ń fi hàn pé ojú àwọn baba wa là.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe àwo. Lọ́nà kìíní, ọtí líle la máa ń lò nínú yàrá àyẹ̀wò láti fi fa agbára ewé jáde, omi sì ni a ń lò nínú ilé. Ohun tí ọtí ń fà jáde yàtọ̀ sí ti omi. Lọ́nà kejì, ọ̀pọ̀ àǹtíbáyótíìkì lè dá bakitéríà dúró bí ó bá tó ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù nínú mìlílítà omi kan. Omi ewé sábà máa ń fẹ́ tó odidi mílígíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni ìyàtọ̀ náà. Lọ́nà kẹta, ife àgbo kan yóò pò mọ́ itọ́, omi àpòlúkù àti oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ yóò tún un dà, kíndìnrín yóò sẹ́ ẹ. Èyí tó máa dé inú ẹ̀jẹ̀ kéré jọjọ.

Ìdí nìyí tí táífọ́ọ̀dù fi ń pa ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé àgbo nìkan. Bakitéríà táífọ́ọ̀dù kì í dúró sójú ọ̀nà oúnjẹ. Ó ń gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú, bó bá sì pẹ́, ó lè lu ìfun. Omi ewé tó la òrùka gbàràgàdà sínú àwo kò lè bá a débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbẹ́ inú. Ní Perth, lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́dún 1982, dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, rí bakitéríà kan tó ń gbé inú àpòlúkù, níbi tí gbogbo ayé rò pé ásíìdì kò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbé. Marshall fi ara rẹ̀ dán an wò: ó gbé omi bakitéríà náà mu, inú rẹ̀ sì wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n gbà lọ́dún 2005. Mo mọ àwọn tó ti ń mu àgbo ọgbẹ́ inú fún ọdún mẹ́wàá, tí ìrora ń lọ tó ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò kan àti oògùn ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ìbá lé bakitéríà náà jáde. Ẹ̀yin oníṣègùn wa, bí aláìsàn bá padà wá lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú inú rírun kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Kò dín iyì yín kù.

ÌKÒKÒ KEJÌ

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. A máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un: nígbà mìíràn, ewé pé, egbò pé, bakitéríà inú ẹni tó mu ún ni kò pé.

Ẹ wo asúnwọ̀n. Kò sí àgbàlagbà tó wà níbí tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú á mu ún lálẹ́, á sùn. Kò ní sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdájí ni inú yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Èròjà inú asúnwọ̀n ní ṣúgà tó so mọ́ ọn lára, bí okùn tí a fi so ẹnu àpò. Nítorí okùn yìí, àpòlúkù kò lè tú u, ìfun kékeré kò lè fà á sínú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń kọjá, títí yóò fi dé ìfun ńlá. Níbẹ̀ ni àwọn bakitéríà ti ń dúró dè é. Wọn á já okùn náà, wọn á jẹ ṣúgà rẹ̀, wọn á sì yí ohun tó kù padà di èròjà tuntun tó ń ta ògiri ìfun jí. Àwọn ni wọ́n tún àgbo náà sè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Elújọba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí asúnwọ̀n ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi hàn pé oògùn ìyàgbẹ́ gidi ni.

Àwọn onímọ̀ ní Japan fi etí erin yanjú ọ̀rọ̀ yìí kedere lọ́dún 1996. Wọ́n mú àwọn eku tí wọ́n tọ́ dàgbà láìsí bakitéríà kankan nínú wọn, wọ́n fún wọn ní èròjà kíkorò inú etí erin. Kò yà wọ́n nígbẹ̀ẹ́. Wọ́n wá fi ẹyọ irú bakitéríà kan tó ń gbé ìfun ènìyàn sínú eku bẹ́ẹ̀, wọ́n tún fún wọn ní oògùn kan náà, ìgbẹ́ gbuuru sì bẹ̀rẹ̀. Oògùn kò yí padà. Ẹni tó ń dáná ìkòkò kejì ni kò sí nílé tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe oògùn ìyàgbẹ́ nìkan. Ohun tó ń mú ewé gúáfà fa ahọ́n pọ̀, tó ń mú tíì korò, tó ń fún ìṣápá ní àwọ̀ pupa, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀, bíi márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni ìfun kékeré ń gbà sínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo èyí tó kù ń ṣàn lọ bá àwọn bakitéríà ìfun ńlá. Wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ yìí sì ni ara wa ń rí gbà. Bí wọ́n ti ń ṣe é, àgbo náà ń ṣe wọ́n: ó ń fún àwọn kan lọ́rùn, ó sì ń bọ́ àwọn mìíràn. Àjọṣe ni, bí ti àgbẹ̀ àti ilẹ̀.

Bakitéríà inú Táyé sì yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Àwọn onímọ̀ ti rí i lára àwọn tó jẹ èso pomegranate: bakitéríà inú ẹlòmíràn ń sọ tannin inú rẹ̀, ọ̀kan nínú ẹbí tí mo sọ yẹn, di èròjà kan tí ń jẹ́ urolithin, ti ẹlòmíràn kò sì sọ ọ́ dì í rárá. Nítorí náà, bí àgbo kan bá bá aládùúgbò rẹ lára mu tí kò sì bá ìwọ mu, má ṣe pe alágbo ní òpùrọ́, má sì ṣe sọ ife kan di mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń dáná fún ọ yàtọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé àǹtíbáyótíìkì tí o lò lóṣù tó kọjá ti lé wọn kúrò nílé.

Ẹ gbà mí láyè kí n bá àwọn tó ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó gbà pé bí inú kò bá ṣàn dànù, kò tíì mọ́. Ìfun kì í ṣe gọ́tà tí a ń fi omi ṣàn. Oko ni. Ẹni tó bá ń fi ìgbẹ́ gbuuru ṣàn án nígbà gbogbo ń wọ́ ọ̀gbìn lọ mọ́ koríko, ó sì ń da omi àti iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù nù.

ÌKÒKÒ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀bá ààrò màmá. Ní nǹkan bí ọdún 1877, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ John Tyndall wà ní London, ó ń rẹ koríko gbígbẹ sínú omi, ó ń sè é. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní àgbo koríko. Ó fẹ́ kí omi náà wà láìní bakitéríà kankan. Ó sè é, ó hó, síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tún dàrú, ó ń rùn. Ó se òmíràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ibi kan náà ni ó já sí. Ní ọdún kan ṣáájú, onímọ̀ mìíràn, Ferdinand Cohn, ní ìlú Breslau ti rí ohun tó fà á. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n máa ń ká ara wọn jọ sínú èèpo líle, bí irúgbìn tó ń dúró de òjò. Omi híhó kì í pa irúgbìn yìí.

Kí ni Tyndall wá ṣe? Ó se omi náà fún ìgbà díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó tún sè é, ó fi í sílẹ̀, ó tún sè é. Sísè àkọ́kọ́ pa àwọn tó jí. Bí omi ti tutù, àwọn irúgbìn rò pé òjò ti dé, wọ́n hù. Sísè kejì bá wọn ní ọ̀dọ́, kí wọ́n tó bí irúgbìn tuntun, ó pa wọ́n. Ẹ̀rín ayọ̀ bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo kà á. Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀bá ààrò! Màmá kò gbọ́ orúkọ Tyndall rí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi ń tọ́jú ìkòkò rẹ̀ àti ọgbọ́n ọkùnrin yẹn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn.

Ọgbọ́n náà ní ààlà, kí n má tàn yín. Àwọn bakitéríà kan ń ṣe májèlé sínú omi kí a tó tún un sè, májèlé mìíràn kì í sì í bẹ̀rù iná. Àgbo tó bá ti yọ ìfófòó, tó kan, tàbí tí òórùn rẹ̀ yí padà, ẹ dà á nù. Àgbo inú ike tí a gbé káàkiri nínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́ kò sì rí iná kejì rárá. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì wa ti yẹ irú àgbo bẹ́ẹ̀ wò léraléra, wọ́n sì ti rí bakitéríà tó jẹ́ pé inú ìgbẹ́ ló ti ń wá. Ewé kọ́ ló jẹ̀bi. Omi kànga, ike tí a kò fọ̀ dáadáa àti ọwọ́ tí kò rí ọṣẹ ló fà á.

Kì í ṣe gbogbo bakitéríà inú àgbo ló burú o. Omi ògì tí a fi ń rẹ egbò àti èèpo igi kún fún bakitéríà tó ń sọ ògì di kíkan. Ásíìdì tí wọ́n ń ṣe ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn lè gbé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2007 lórí omi ògì àti àwọn bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì rí i nínú àwo wọn pé omi ògì ń dá àwọn kan dúró. Ó kan, ó sì dára, nítorí pé a mọ ẹni tó mú un kan. Èyí tó kan fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò ni màmá ń bẹ̀rù.

ÀGBO ỌMỌ TUNTUN

Ẹ̀yin ìyá wa eléwé ọmọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú yín báyìí. Nínú omi ọyàn ìyá, ó ju ọgọ́rùn-ún oríṣi ṣúgà kan lọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Bakitéríà ni wọ́n wà fún, àwọn bakitéríà rere tó kọ́kọ́ ń tẹ̀dó sínú ìfun ọmọ. Ẹ wo iṣẹ́ Elédùmarè: ìyá ń bọ́ ọmọ, ó sì ń bọ́ àwọn tí yóò máa dáná fún ọmọ. Ìkòkò kejì ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba iná ni. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní ọyàn nìkan ni kí a fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìfi omi kún un.

Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ oṣù méjì kan tí àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọnú, tó ń sunkún tí omi kò jáde lójú rẹ̀. Àgbo tútù ni wọ́n fún un, ewé tí a rẹ sínú omi kànga, tí kò fojú kan iná. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fún un. Ọlọ́run ṣe é, omi iyọ̀ àti ṣúgà tètè dé ẹnu rẹ̀, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ojú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ni àwọn abiyamọ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ju èmi lọ. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín lójú ìsọ̀, pé, “Ọmọ yìí kéré, lọ fún un lọ́mú,” yóò gba ẹ̀mí ọmọ là ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́wàá lọ.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Lọ́dún 2019 nìkan, bakitéríà tí àǹtíbáyótíìkì kò ràn mọ́ pa èèyàn tí a ṣírò sí mílíọ̀nù 1.27 káàkiri àgbáyé, agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí sì ni ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ kápúsù àǹtíbáyótíìkì mọ́ àgbo. Ìwọ̀n kékeré tí kò tó láti pa bakitéríà ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yẹ oògùn náà sílẹ̀.

Ẹ fi omi mímọ́ se àgbo. Ẹ di ẹnu ìkòkò. Ẹ máa gbé e kaná láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹ fi ife wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà. Ẹ̀yin dókítà, ẹ má bú ẹni tó bá sọ òótọ́ fún yín. Bí ibà bá ju ọjọ́ méjì lọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu ọmú, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ sì máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dáná fún òun, ó yẹ kó fún wọn nígi.

Ìkòkò màmá ti fọ́ tipẹ́. Ọmọdé kan ló gbé e ṣubú lọ́dún tí màmá kú, a sì ra òmíràn lọ́jà ní ọjọ́ karùn-ún. Ìkòkò amọ̀ nìyẹn. Èkejì, ẹyọ kan péré ni Elédùmarè fún olúkúlùkù wa, kò sì sí ọjà tí a ti ń ra òmíràn.